Wọ́n Fi Sàréè Ọmọ Mi Hàn Mí Nílé Ìwé

Ọmọ mi Káyọ̀dé, tó jẹ́ sójà, kú sí Màídúgùrì lọ́dún tó kọjá.

Bàbá kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Mi ò lọ síbi ìsìnkú.

Lónìí, ilé ìwé kan ní Òṣú ń yẹ́ àwọn ọmọ sójà sí. Wọ́n gbé fọ́tò ńlá lé Títí, ọmọ Káyọ̀dé, lọ́wọ́. Sàréè bàbá rẹ̀ ni, orúkọ Káyọ̀dé wà lára rẹ̀!

Mo ní, "Tíṣà, kí lèyí?"

"Bàbá, a fi yẹ́ bàbá Títí sí ni."

"Ṣé ẹ ò rí fọ́tò tó ti ń rẹ́rìn-ín ni?"

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyàwó mi ti kú, kò bá mi rí i.

Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ̀yẹ nìyẹn?

Fọlákẹ́, àkọ́bí mi, ó dọwọ́ rẹ. Gbé fọ́tò náà pamọ́. Má sọ ibi tó wà fún mi.