Ológbò Tí Àwa Fẹ́ẹ́ Fi Sàráà Pa

Ẹ má bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Mi ò kábàámọ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, ohun tí mo ṣe náà ni màá tún ṣe, ariwo mi á sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi ló ni ológbò náà. Àlájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìyàwó wọ agbo ilé wọn ní àdúgbò Gàmbàrí, bí Àsùbáà bá ti ń sún mọ́, ológbò yìí á fò látinú àgbàlá sórí fèrèsé yàrá Àlájà, á wọlé, á fi imú tútù kàn wọ́n lẹ́sẹ̀. Àlájà kì í lo aago. Wọ́n á ní ológbò àwọn ló ń pe àwọn sí ìrun, ọkàn wọn á sì balẹ̀ di alẹ́.

Ilé àlùfáà nilé wa. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé láádá wà nínú kéèyàn fún ológbò lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n láádá kì í ṣe ọbẹ̀ tí a máa ń bù fún ara wa. Oníkálukú ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ìyàwó àgbà á ju orí ẹja sí i. Ìyàwó tó tẹ̀ lé e á fún un ní wàrà díndín, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bèèrè pé ta ló ti fún un ní nǹkan ṣáájú. Tó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀ọ́, hàà! Ẹni tó lá àlá burúkú, ológbò ni yóò fi ẹran ṣe sàráà fún. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò, ológbò. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, ológbò. Bó bá jẹ́ pé inú ológbò làdúà ń gbà kọjá ni, gbogbo ilé wa ì bá ti di olówó.

Ológbò sanra, inú gbogbo ilé sì ń dùn. Àlejò á wọlé, á ní, "Màṣá Àlláhù, ológbò yìí ń jayé o!" Àlájà á rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mò ń wo ohun tí mò ń wò. Ikùn rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Bí mo bá wò ó látòkè, mi ò rí ìbàdí mọ́, ó kàn ki pọ́pọ́ bí àpò gàrí ni. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra nítorí ẹnu rẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́ láti lá a. Ológbò tí kò lè wẹ ara rẹ̀! Bó bá rìn látìdí àmù dé ẹnu ọ̀nà, á dùbúlẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sì fò sórí fèrèsé mọ́. Àlájà ní ìgbéraga ni. "Kò rí tèmi rò mọ́," wọ́n á wí, wọ́n á tún bu wàrà fún un kó lè padà fẹ́ràn wọn.

Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tòmátò, mo fi aṣọ bò ó, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan lọ́nà Basin. Oníkẹ̀kẹ́ bi mí pé ṣé ọmọ ewúrẹ́ ni mo gbé ni. Dókítà náà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé ìhà ológbò. "Ẹ bá mi wá egungun ìhà rẹ̀." Mo wá a, wá a, ọ̀rá ni mo bá. Ó ní ọwọ́ ló yẹ kó kàn án láì tẹ̀ ẹ́. Ó ní bí a ò bá jáwọ́, ìtọ̀ ṣúgà ló ń bọ̀, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ro ó, kò sì ní pẹ́ kú. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ dédé fi ebi pa á, nítorí bí ológbò tó sanra báyìí bá ṣíwọ́ oúnjẹ lójijì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí á máa dín in kù. Abọ́ kan, ọwọ́ kan, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ká sì máa bá a ṣeré kó lè sáré.

Ọwọ́ kan, nínú ilé wa!

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, nígbà tí àwọn ará ilé ti ìrun dé, mo dúró láàárín àgbàlá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, láti òní lọ, èmi nìkan ni n ó máa fún ológbò yìí lóúnjẹ. Ẹni tó bá ń wá láádá, àwọn alágbe wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí."

Ariwo ta. Ìyàwó tó dé gbẹ̀yìn ló fẹ́ máa pàṣẹ! Ọ̀kan ní ahun ni mí. Àlájà jáde, wọn ò pariwo rárá. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé o ò gbọ́ wáàsí obìnrin tó torí ológbò wọ iná ni? Ó sé oúnjẹ mọ́ ọn. Ṣé inú ilé mi lo ti fẹ́ ṣe irú ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àlájà. Obìnrin yẹn so ológbò mọ́lẹ̀ ni, kò jẹ́ kó rìn lọ wá nǹkan tí yóò jẹ. Ẹ wo tiyín. Kò sí okùn lọ́rùn ẹ̀, síbẹ̀ kò lè dé orí fèrèsé yín. Kò gbéraga sí yín. Ara ẹ̀ ni kò gbé e mọ́. Àwa la so ó mọ́lẹ̀, wàrà la sì fi so ó."

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Àlájà bi mí pé, "O ti parí?" Wọ́n wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, Àlájà ò jẹ oúnjẹ tí mo bá sè mọ́. Wọ́n ní ẹni tó lè sé oúnjẹ mọ́ ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀, àwọn ò ní jẹ tirẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo sunkún nínú ilé ìdáná, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà mo nujú, mo lọ wọn oúnjẹ ológbò.

Kò rọrùn o. Ológbò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà Àlájà, á máa ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Bí ẹnikẹ́ni bá ju ẹja sílẹ̀, ìgbálẹ̀ mi ti dé ibẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń fi orin pòwe sí mi nídìí odò ìfọṣọ, èmi náà ń fi orin dá wọn lóhùn, ohùn mi sì dùn ju tiwọn lọ. Mo so àkísà mọ́ okùn, mò ń fà á kiri àgbàlá kí ológbò lè lé e. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Mo ní ẹ jẹ́ kó dàrú. Lọ́jọ́ kan, mo gbójú sókè, mo rí etí ìborùn kan tó yọ láti fèrèsé Àlájà, tó ń mì lókè orí ológbò. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n fà á wọlé.

Ọyẹ́ ti dé kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ìhà ológbò ti ń kan ọwọ́ mi nígbà yẹn. Mò ń bu omi àlùwàlá lójú Àsùbáà nígbà tí mo gbọ́ gbì! Ó fò, ó já bọ́. Mo dúró, kẹ́tùlù lọ́wọ́ mi. Ó tún fò, ó fi èékánná rọ̀ mọ́ fèrèsé, ó wọlé. Mo gbọ́ ohùn Àlájà nínú òkùnkùn: "Ìwọ nìyí? Ṣé o wá?" Ẹkún wà nínú ohùn wọn. Síbẹ̀, wọn ò jẹ oúnjẹ mi lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé e ni àbúrò wọn obìnrin wá kí wọn láti apá Ọ̀fà Garage, ó gbé wàrà dání. Kí ó tó jókòó, ó ti gé díẹ̀, ó nà án sí ológbò.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀!" Àlájà ti na ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn. "O fẹ́ so ológbò mi mọ́lẹ̀ ni?"

"Súbúhánalláhì! Ṣé ẹ rí okùn lọ́wọ́ mi ni?"

"Wàrà tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, okùn ni." Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. "Ìyàwó mi, gba wàrà yìí, lọ fi se ọbẹ̀. Ebi ń pa mí."

Mo sè é. Èmi àti Àlájà jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Ológbò jókòó sórí fèrèsé, ó ń wo ẹnu wa, a ò sì fún un.