Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Lè Sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá mọ olóògbé Bọ̀dá Fi-Ara-Ẹ-Hàn, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, á ti gbọ́ ti ṣòkòtò tíṣà.

Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló ni ilé ìfọṣọ. Bọ̀dá kọ ètò kan fún un tí á máa tẹ ìwé pélébé fún àpò aṣọ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ni ín, àwọ̀ ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ogójì àpò wà nílẹ̀, gbogbo ìwé ara wọn ń sọ̀rọ̀ wótòwótò bí ẹni tí ibà ń ṣe: "Aṣọ 7F3A." "Aṣọ 7F4C." Tíṣà sì ti dé. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ dán an wò fún ipò ọ̀gá ilé ìwé, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀ wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́!"

"Fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ gbogbo wọn. Mi ò tíì kọ́ aṣọ bó ṣe máa fi ara ẹ̀ hàn ni, ló bá ń dárúkọ ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà."

"Ẹ jẹ́ n pa á, kí n tún tàn án." Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára súìṣì.

"Yéè! Bó o bá pa á, nọ́ńbà wọ̀nyẹn á yí padà, a ò ní mọ ti ẹnì kankan mọ́! Àwọn aṣọ yìí ò kàn lè sọ̀rọ̀ ni."

"Èmi lè sọ̀rọ̀," ni tíṣà wí. "Ṣòkòtò mi dà?"

Bọ̀dá kọ ìlà mẹ́ta péré. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kígbe, ìwé jáde: "7F3A: Èmi ni ṣòkòtò tíṣà. Dúdú ni mí. Òní ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà mí." Tíṣà sáré wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó débẹ̀ lásìkò, wọ́n sì fún un nípò náà, tòun ti ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí.

Àṣejù wá wọ ọ̀rọ̀ Bọ̀dá, ó ń fi ìlà kún ìlà. Aṣọ oníbàárà di onísọkúsọ. Nọ́ọ̀sì kan ka ìwé ara síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀: "Wọ́n ti fẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí."

"Ta ló bi í?"

"Mà, ó ń fi ara ẹ̀ hàn ni," ni Bọ̀dá wí.

"Ara tèmi ló fi hàn!"

Àbúrò ẹ̀ ní kó dá a padà sí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, kó má lé kó má dín. Bọ̀dá kùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìjà wọn tó kù ni ti ṣẹ́ẹ̀tì búlúù Bọ̀dá, tí kọ́là ẹ̀ ti ya. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá tún rí nǹkan yìí, màá fi nu ilẹ̀."

"Dán an wò."

Lẹ́yìn ìsìnkú Bọ̀dá, àbúrò ẹ̀ bá ṣẹ́ẹ̀tì yẹn nínú àpò kan ní kọ̀rọ̀, kò sí ìwé lára ẹ̀. Ó wá orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nínú ètò, ó ní kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kígbe bó ṣe máa ń kígbe:

"Èmi ni ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ. Búlúù ni mí. Ọjọ́ gbígbà: kò sí kánjúkánjú. Jọ̀ọ́, má fi mí nu ilẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ aláṣọ. Ìgbà tó nu ojú ẹ̀ tán, ó rán kọ́là, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, tòun ti ìwé ẹ̀. Bí oníbàárà bá bi í pé ta ló ni ín, á ní:

"Ẹ bi í. Ó lè sọ̀rọ̀."