Ọgọ́fà Ìwé Ìbéèrè

Títí di òní, bí mo bá rí báírò mẹ́ta tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra lórí tábìlì, inú á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi ni.

Ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ni. Olùkọ́ tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì mi ní kí n ṣe ìwádìí lórí ìdí tí àwọn ará etí odò ní àdúgbò Old Market kì í fi í kó kúrò nígbà tí wọ́n bá ti kéde pé omi ń bọ̀. Àkòrí náà dùn mọ́ mi. Yàrá kan ní Natako, àdúgbò mìíràn nínú ìlú kan náà, ni mo ń gbé, mo sì ti rí i rí bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi kó bẹ́ẹ̀dì àti ewúrẹ́ gba ibi tí kẹ̀kẹ́ máa ń gbà. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ lóòótọ́. Òmùgọ̀ ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é níbi tí mo ti kàwé. Wọn á ní kí o pín ọgọ́fà ìwé ìbéèrè. Wàá ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó sì máa sàmì sí "mo gbà" àti "n kò gbà" fúnra yín. Báírò búlúù, dúdú, pupa. Ẹni tó bá gbọ́n á fi ọwọ́ òsì sàmì sí díẹ̀, á ta epo sí méjì lára, kó lè jọ ohun tó dé ọjà. Àwọn olùkọ́ mọ̀. Dátà sísè la ń pè é, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ìrẹsì.

Èmi ní tèmi, mo ní n kò ní sè é. Mo kó ìwé mi, ó di Old Market.

Ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Núpé ni, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ já gaara. Mo bi í bóyá wọ́n máa ń sọ fún wọn pé omi ń bọ̀.

"Wallahi, àwa gan-an la máa ń sọ fún wọn," ó ní.

Ó mú mi wọ yàrá rẹ̀. Ó ti fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún ibi tí omi dé ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ga jù kọjá orí mi. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ kì í lọ, Màmá?"

"Ọmọ mi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ̀ àwọn apẹja ń gúnlẹ̀. Ẹni tó bá lọ sùn sí òkè lọ́hùn-ún, kó tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀, wọ́n ti ra ẹja tán. Tí oníbàárà rẹ bá ti wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò bá ọ, ó ti lọ nìyẹn. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ilé-ìwé yín."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ síbẹ̀. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló dá mi lóhùn, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Orí mi wú. Mo ti rí ohun tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Olùkọ́ mi, ọmọ Okun bíi tèmi ni. Ìjọ kan náà ni òun àti bàbá mi ń lọ, "ọmọ wa" ló sì máa ń pè mí. Ó ṣí orí kẹrin iṣẹ́ mi lórí ìdúró.

"Ọmọ wa, mẹ́tàlélógójì báwo? Ọgọ́fà lo kọ sí orí kẹta."

"Àwọn tó dáhùn nìyẹn, sà."

"Àbájáde rẹ kò sì bá orí kejì mu. Gbogbo ìwé ló sọ pé àwọn èèyàn yìí kò mọ ewu tó wà níbẹ̀."

"Wọ́n mọ̀, sà." Mo na fóònù sí i kó lè rí ògiri yẹn.

Kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. "Èyí kò sí nínú ìwé ìbéèrè. Lọ parí ọgọ́fà rẹ, kó o sì tún orí kẹrin ṣe. Àbí o fẹ́ lo ọdún kan sí i?"

Mo pe bàbá mi, mo rò pé á gbè mí. "Má dójú tì mí lọ́dọ̀ wọn o," ló wí. "Ohun tí wọ́n bá ní kó o ṣe, ṣe é." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù náà mọ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá jókòó ti ìwé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tó ṣẹ́ kù. Ó ń kọrin bó ṣe ń sàmì. Ọwọ́ tèmi náà ń yá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdáhùn inú mẹ́tàlélógójì tòótọ́ padà kí wọ́n lè bá orí kejì mu. Nígbà tí mo dé orí ìwé ìyá ẹlẹ́ja, mi ò rí bí mo ṣe lè tún un ṣe, nítorí ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ òun kún ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá. Mo yọ ọ́ kúrò, mo ya á, mo sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Inú bí mi sí olùkọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, inú bí mi sí bàbá mi, àmọ́ kò sí èyí tó ya ìwé náà nínú wọn.

Lọ́jọ́ tí a gbèjà iṣẹ́ wa níwájú àwọn olùkọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti ilé-ìwé mìíràn wá yẹ̀ wá wò gbóríyìn fún mi. Ó ní iṣẹ́ mi mọ́, pé ọgọ́fà jáde, ọgọ́fà sì padà wálé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ló dé tí àwọn èèyàn náà kì í kúrò? Olùkọ́ mi ń mi orí sí mi láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń ran ọmọ kékeré lọ́wọ́ láti rántí àkọ́sórí. Ká ní mo là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tí ì bá dí mi lẹ́nu.

"Wọn kò mọ̀ ni, sà," ni mo wí. Ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Máàkì tèmi ló ga jù ní kíláàsì wa lọ́dún yẹn.