Oògùn Ṣúgà Tí Bàámi Fi Pamọ́ Fún Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ohun tójú mi rí yìí fún yín, ojú ló ń tì mí. Nígbà kòrónà ni.

Ìpọ̀nrí ní Èkó ni àwọn òbí mi ń gbé. Bàámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀, a rò pé òtútù lásán ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, wọn ò lè sọ gbólóhùn kan tán láì mí gúlegúle. A sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Dókítà obìnrin kan bi mí bóyá wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ní rárá. Èmi ni àkọ́bí, ta ló tún máa mọ̀ jù mí lọ? Màámi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọn ò jẹ́ ká tẹ̀lé bàámi wọlé. Wọ́n fi wọ́n sórí ọ́síjìn, wọ́n sì ń gún wọn lábẹ́rẹ́ nítorí ẹ̀dọ̀fóró wọn. Oúnjẹ nìkan la lè gbé fún nọ́ọ̀sì lẹ́nu géètì. Kí ni mo wá ń gbé lọ? Ògì tí mo da ṣúgà sí, mọ́ọ̀tì, glúkóòsì. Mo fẹ́ kí wọ́n lágbára ni.

Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì pe èmi àti màámi sẹ́nu géètì. Ó ní bàámi ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, àti pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga débi pé ẹ̀rọ ò lè ka iye rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú pé wọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà?"

Màámi gbọ́, ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí bàámi ti ń lo oògùn ṣúgà. Inú ike fítámínì ni wọ́n ń kó o sí, kí àwa ọmọ má baà máa ṣọ́ ẹnu wọn.

"Màámi, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bi mí."

"Mo ti ṣèlérí fún wọn, Fúnmi. Mo rò pé wọn ò ní pẹ́ níbẹ̀."

Dókítà ṣàlàyé pé àìsàn kòrónà náà ń gbé ṣúgà sókè, abẹ́rẹ́ tó ń gba ẹ̀mí wọn là náà ń gbé e sókè, wọn ò sì lè dá a dúró. Àwa tún wá ń fi mọ́ọ̀tì kún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ínsúlìn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní wákàtí wákàtí, torí pé tó bá yára já wálẹ̀ jù, ó lè pa àgbàlagbà.

Ṣúgà náà sì já wálẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ kejì, torí pé bàámi ò jẹun. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ń pe bàámi, wọn ò dáhùn. Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú géètì. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn àbúrò mi? Pé ọwọ́ mi ni mo fi pa bàbá wa?

Wọ́n fa omi ṣúgà sí bàámi lára títí wọ́n fi jí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì gbé fóònù sí wọn létí. Ohùn wọn kéré gan-an. "Fúnmi, má bínú sí ìyá ẹ."

Wọ́n ti wà nílé báyìí. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn òbí yín ní oògùn tí wọ́n ń lò, kẹ́ ẹ sì bi nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun fún aláìsàn. Tí dókítà bá bi yín ní ohun tẹ́ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀.

Ṣé òbí yín ti fi àìsàn pamọ́ fún yín rí? Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.