Omi Tí A Kò Dà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gééré ni. Rédíò ará ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Àwa mẹ́rin ni a wà nínú ilé ìdáná: ìyá mi, àbúrò mi obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti èmi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, n kò sì tí ì mọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Bàbá mi wà lójú òkun.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé ilé búlọ́ọ̀kù, ẹ lè má mọ bí ilé wa ṣe rí. Orí òpó ló wà, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Pákó ni a fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, a sì fi amọ̀ rẹ́ apá kan kí iná má baà jó o. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń yan ẹja, ibẹ̀ náà ló ti ń se ọbẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá bá sáré kọjá, ìgbì rẹ̀ á kọlu àwọn òpó, ilé á sì mì. Ó ti mọ́ wa lára. A ó di ìkòkò mú, a ó sì máa bú awakọ̀ náà títí yóò fi lọ.

Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó di ìkòkò mú. Ìyá mi ń to ẹja sínú agbọ̀n. Ọkọ̀ kan kọjá, ilé mì, ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó sì dà sí àbúrò mi láyà títí dé ikùn.

N kò ní sọ bí igbe rẹ̀ ṣe rí.

Àgbá omi òjò wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo sáré bu omi kún igbá. N kò ro ohunkóhun. Omi ló kàn wá sí mi lọ́kàn. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú kí n tó dà á.

“Ṣé o fẹ́ pa á ni? Omi á wọ inú egungun rẹ̀!”

Bí gbogbo wa ṣe gbà á nìyẹn. Àwa tí a ń gbé orí omi, tí inú omi ni oúnjẹ wa ti ń wá, a kì í jẹ́ kí omi kan ẹni tí iná jó. Wọ́n fọ́ ẹyin sí i láyà, nígbà tí wọ́n sì wá àdín rí, wọ́n fi lé e. Ìyá mi fara balẹ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Òde Mahin. Àjẹ̀ ni wọ́n fi wà á. Omi ti fà, ọkọ̀ sì há sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa gbọ́n omi tó ń wọ inú ọkọ̀. Omi náà ń kan àbúrò mi lẹ́sẹ̀, ọmọ náà sì ń na ọwọ́ sí i. Ìyá mi ń ká ọwọ́ náà kúrò.

Ọjọ́ kẹrin ló kú.

Ìyá mi gbà pé àdín tí kò tètè dé ló pa ọmọ òun. Láti ìgbà náà, ẹyin àti àdín kò wọ́n nílé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí iná bá jó ládùúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Wọn kò tí ì dẹ́kun àtimáa gbé àwọn tí iná jó wá.

Ní oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan bá ọkọ̀ aláìsàn tuntun wá sí èbúté wa. Ọkọ̀ náà ní ẹ́ńjìnnì méjì, bẹ́ẹ̀dì àti afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà. Wọ́n lẹ nọ́ńbà tí a ó máa pè mọ́ òpó èbúté. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà ní bó ti wù kí ọkọ̀ yá tó, ẹni tó wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀. Nítorí náà, àwa apẹja, àwọn awakọ̀ àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja ni ó fẹ́ kọ́. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí n tó wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kọ. Mo mú ìwé dání.

Ó kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí a fà jáde nínú omi. Lẹ́yìn náà ló dé orí iná.

“Omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i, fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi òróró sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì pe ọkọ̀.”

“Ogún ìṣẹ́jú?” ìyá ẹlẹ́ja kan pariwo. “Nọ́ọ̀sì, omi tí a ó mu gan-an kò tó!”

Awakọ̀ kan ní, “Ìyá, bí iná bá jó yín, ṣé ẹ máa dúró de òjò ni?”

“Ẹnu rẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ da omi sí!”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bírò tèmi ti dúró.

Nígbà tí wọ́n túká, mo bi nọ́ọ̀sì náà bí ó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti mọ̀ nípa omi yìí.

“Ó ti pẹ́ gan-an, Bàbá.”

Mo tún bi í bóyá ọmọ kékeré kan tí ọbẹ̀ gbígbóná dà sí láyà ìbá yè ká ní wọ́n da omi sí i.

“N kò lè sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó ṣì lè kú. Ṣùgbọ́n ara ìbá tù ú díẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé. Nígbà oúnjẹ alẹ́, ìyá mi béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa. Mo sọ ti ẹ̀jẹ̀, mo sọ ti ẹni tó rì sómi. N kò sọ ti iná. Bí mo bá sọ ọ́, ọwọ́ tó gbá ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ náà ni mo ń bá wí. Bí n kò bá sì sọ ọ́, alákàrà tó wà nílé kejì sí wa ní ọmọ méjì tí wọ́n ń sáré kiri ìdí òróró gbígbóná, mo sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò sáré gbé wọn wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Ibi tí a fi àjẹ̀ wà títí ilẹ̀ fi ṣú, ọkọ̀ tuntun yìí kò ní lo wákàtí kan kó tó débẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tuntun ń bá àwọn kan láàyè tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ti àtijọ́. Nọ́ọ̀sì kò kọ́ wa bí a ó ṣe sọ ọ́ fún wọn. Ìyá mi kò mọ̀wé kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ èyí tó kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í níbi tó ti ń họ ìpẹ́ ẹja. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé: omi, ogún ìṣẹ́jú, kò sí ẹyin, kò sí àdín. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìgbà wo ni wọ́n mọ̀ ọ́n?”

“Ọdún tó kọjá ni, Ìyé.”

Ó wò mí lójú, ó wò mí dáadáa.

“Ọdún tó kọjá,” ó ní. Lẹ́yìn náà ló ní, “Lọ sọ fún alákàrà yẹn. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó máa da omi.”

Mo dìde, mo lọ sọ fún un.