Santiago Ò Ṣe É Gé, Tèmi Náà Ò Ṣe É Gé

Wọ́n fẹ́ gé orúkọ mi ní airport tí mo ti ń nulẹ̀ ní Manchester lónìí!

Ọ̀gá wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti holiday dé láti Santiago de Compostela ní, "Morẹ́nikéjì ti gùn jù. 'Mo' la ó máa pè ẹ́."

Mo ní, "Ẹ ò gé Santiago! Orúkọ Jákọ́bù Mímọ́ ni wọ́n fi sọ ìlú yẹn ní Spain. Orúkọ náà ti dé Chile, ó ti dé Cuba, odidi ni wọ́n ń pè é. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Manchester, ẹ ti yọ ọ̀bẹ sí i!"

Ilé ni bàbá mi wò kó tó sọ mí lórúkọ. Ọ̀gá pe "Mo" títí, mò ń nulẹ̀ mi lọ. Ìgbà tó pe Morẹ́nikéjì, mo ní, "Yes, ma!"

Ẹ̀yin tí wọ́n ti gé tiyín, ẹ kọ ọ́ síbí lódidi.