Tówẹ̀lì Ojú Fèrèsé

Ara bàtà ni mo ti mọ ìbẹ̀rù ọkùnrin náà. Èmi aránbàtà ni mo jókòó sí òdìkejì ilé rẹ̀, èmi náà ni mò ń pààrọ̀ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀, mo sì ṣàkíyèsí pé ti òsì nìkan ló máa ń tètè jẹ, bí ẹni pé eku ń gé e. Nígbà tí mo wo ìrìn rẹ̀ dáadáa ni mo rí ìdí rẹ̀. Bó bá jáde nílé tó dé ìkóríta, á yí padà lórí gìgísẹ̀ òsì, á sáré lọ wò bóyá òun ti ilẹ̀kùn. Á tún jáde. Á tún yí. Àwọn ọmọdé àdúgbò ló sọ ọ́ ní Padàlọwò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni iṣẹ́ rẹ̀. Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni Padàlọwò ń tún ṣe. Kò sí ilẹ̀kùn tó lè bá a ṣagídí. Bí kọ́kọ́rọ́ yín bá sọnù, á ki irin tín-ín-rín kan bọ ihò náà, á tẹ́tí sí i bíi dókítà, ilẹ̀kùn á sì là. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tirẹ̀ gan-an, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tì, kò gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò tíì gbéyàwó, á ní òun ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìbẹ̀rù yìí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ ilẹ̀kùn onírin ló wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá débẹ̀ tán ló máa ń rántí ilé, á sì bọ́ sọ́nà. Ọ̀gá wọn ní, "Bùọ̀dá, ẹ kúkú lọ máa ṣọ́ ilẹ̀kùn yín." Ó wá ṣí ìsọ̀ kékeré kan. Àwọn olè débẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan àgádágodo rárá. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tú, wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, àgádágodo ṣì wà lára férémù, ó tì pinpin, kò sì sí nǹkan kan tó ń tì.

Padàlọwò jókòó sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún ni. Ó na ọwọ́, ó fa àgádágodo náà, ó ní, "Ẹ wò ó, kò ṣí."

Láti orí ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà, ohùn rẹ̀ lè jí ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo wa ń pè é. Ó dúró lé àbúrò rẹ̀ lórí lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ ìyá mi, gbọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. O ti rí ọ̀kan: àgádágodo ò ṣí. Láti òní lọ, bó o bá fẹ́ padà wá wo ilẹ̀kùn, mi ò ní dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n má padà lọ́wọ́ òfo. Ohun dáadáa kan, bó ti wù kó kéré mọ, wàá rí i lójú ọ̀nà, wàá sì sọ ọ́ fún mi kí n tó jẹ́ kó o fọwọ́ kan ilẹ̀kùn."

"Bí mi ò bá wá rí ńkọ́?"

"Wàá dúró síta."

Bí àdúgbò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn rere láàárọ̀ nìyẹn. Padàlọwò á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ajá oníbúrẹ́dì ò gbó mi lónìí." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ṣí fún un. Á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, á jáde, á dé ìkóríta, á padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí bàbá kan tó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an ló sì ti rí i." Á tún lọ, á tún dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, òjò dá bí mo ṣe dé abẹ́ òrùlé."

"O ti tutù tán kó tó dá," Ìyá Agbẹ̀bí á wí. "Lọ wá òmíràn."

Àwọn aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Oníbúrẹ́dì á pè é kó wá wo búrẹ́dì tó wú ju ti àná lọ. Káfíńtà á fa aṣọ rẹ̀ kó lè fi ìṣó kan tó wọlé láì tẹ̀ hàn án. Èmi tí inú mi kì í sábà dùn láàárọ̀, mo ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti ń wá nǹkan dáadáa tí màá fún un. Inú bí mi gan-an. Ìráhùn ni wọ́n fi mọ̀ mí. Àwọn oníbàárà mi ò ní mọ ìsọ̀ mi mọ́ bí mi ò bá ráhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan péré ni mò ń wá," Padàlọwò á máa bẹ̀ wá. "Èyí ti pọ̀ jù."

Àsìkò yẹn ni ilé ìwòsàn ńlá tó wà nísàlẹ̀ títì ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó àwọn ilẹ̀kùn wọn. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì gbà á, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún un: òun ni kó máa kọ́kọ́ dé, òun ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn aláìsàn, òun ni yóò máa ṣí ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Bó bá pẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù àkọ́kọ́, kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Padàlọwò fẹ́ iṣẹ́ náà gan-an. Ó mọ̀ pé bí eléyìí bá bọ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò gba ẹni tó ń sá padà sílé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Agbẹ̀bí dá ọgbọ́n mìíràn. Láàárọ̀, bí àbúrò rẹ̀ bá ti jáde, òun á sọ̀ kalẹ̀, á fa ilẹ̀kùn wò, á gun òkè padà, á na tówẹ̀lì aláwọ̀ ìyeyè kan jáde lójú fèrèsé, á sì máa fì í. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn ti tì, máa lọ. Padàlọwò á yí padà ní ìkóríta, á rí tówẹ̀lì, á mí kanlẹ̀, á gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ débi pé ó ràn wá. Ìyàwó káfíńtà ni mo kọ́kọ́ rí, ó dúró ní ìkóríta, ó ń wòkè. Mo ní kí ló ń wò. Ó ní òun ò rántí bóyá òun pa sítóòfù.

"Ṣé tówẹ̀lì yẹn ló mọ̀ bóyá sítóòfù yín kú?"

"Kò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọkàn mi kàn máa ń balẹ̀ bí mo bá ti rí i ni."

Kí n tó mọ̀, gbogbo títì ló ń wo fèrèsé. Oníbúrẹ́dì ò ní patẹ kí tówẹ̀lì tó jáde. Èmi náà kì í gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bọ bàtà kó tó jáde. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Padàlọwò nìkan ló láyà láti máa padà lọ wò.

Lọ́jọ́ tí wàhálà dé, Padàlọwò ti fi lọ́ọ̀kù tuntun sẹ́nu ọ̀nà ilé, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó ní ó le ju ti báǹkì lọ. Ó jáde, ó tì í, ó kọrí sí ìkóríta. Ìyá Agbẹ̀bí sọ̀ kalẹ̀ láti fa ilẹ̀kùn wò bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ ilẹ̀kùn bọ́ sí i lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ò mì. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣí i láti inú mọ́, àfi láti ìta, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò àbúrò rẹ̀.

Ó sáré gun òkè, ó yọrí síta, ó ń pè é kó padà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn ń kọjá lọ, ariwo rẹ̀ bo títì mọ́lẹ̀. Ó bá gbé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Tówẹ̀lì ni. Ó ń fì í bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Padàlọwò yí padà ní ìkóríta. Kò tíì rí tówẹ̀lì náà kó fẹ́ lẹ́lẹ́ báyẹn rí. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ṣí fìlà, ó ń fì í padà. Inú àwa náà dùn fún un, a bá ń fì: oníbúrẹ́dì ń fi ọ̀rá, káfíńtà ń fi ayùn, èmi ń fi bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìyá Agbẹ̀bí ju tówẹ̀lì nù, ó fa aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì jáde, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbọ̀n ọ́n lójú fèrèsé. Padàlọwò gbọ́wọ́ lé àyà. Lójú tirẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn tó tíì tì tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó kọjú síbi iṣẹ́, ó ń rìn bí ẹni tó ń jó, kò sì wẹ̀yìn mọ́.

Ìgbà tí ọkọ̀ iyanrìn kọjá tán la tó gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń wí, apá kan nínú rẹ̀ kò sì ṣeé tẹ̀ sínú ìwé. Káfíńtà ti gbé ẹsẹ̀ láti sá tẹ̀lé Padàlọwò kí Ìyá Agbẹ̀bí tó jágbe mọ́ ọn.

"Dúró síbẹ̀! Bí ẹ bá pè é, á padà, iṣẹ́ náà á sì lọ. Èyí tó burú jù ni pé á mọ̀ pé ọjọ́ tí òun ò padà gan-an ló yẹ kí òun padà. Ẹ ò ní rí i níta mọ́ láéláé."

"Ìyá, ṣé kí n fọ́ ilẹ̀kùn ni?"

"Kó wá bá ilẹ̀kùn tó fọ́ nílé? Ṣé orí ẹ pé? Ẹ jẹ́ kí n jókòó sílé mi jàre."

Ó jókòó lóòótọ́. Ó fi okùn sọ agbọ̀n kalẹ̀ láti ojú fèrèsé. Oníbúrẹ́dì fi búrẹ́dì sí i, mo fi ìwé ìròyìn sí i, ìyá ọlọ́mọ kan fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sí i kí agbẹ̀bí bá òun wo ìdodo rẹ̀. A dá a lẹ́kun.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò níbi tí ẹ fẹ́ lọ lónìí?"

Ó fa okùn agbọ̀n sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dókítà eyín." Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti ń wú láti ọjọ́ mélòó kan, àwa rò pé ó ń sanra ni. "Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Mo ti sún un síwájú títí. Ẹ wá wò ó, nínú gbogbo wàhálà yìí, ohun dáadáa kan wà níbẹ̀: mi ò lè lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó dùn mí wọra. Obìnrin tó ti gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò, tó ń fì tówẹ̀lì fún gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń fì í fún òun.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wa ò lọ sílé. A kó ara wa jọ síwájú ìsọ̀ mi, à ń ṣe bí ẹni tó ń ra bàtà. Mo tiẹ̀ ta bàtà kan tí kì í ṣe tèmi.

"Mi ò padà!" Padàlọwò ń kígbe bọ̀ láti ìkóríta. "Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la! Mi ò padà rárá!" Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ó yí i, ilẹ̀kùn là wẹ́rẹ́. Ìyá Agbẹ̀bí ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn.

"Káàbọ̀, ọmọ ìyá mi. Kí lohun dáadáa tó o rí?"

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ilẹ̀kùn jẹun kì í wọlé láì wo ilẹ̀kùn. Padàlọwò yẹ inú rẹ̀ wò. Ihò ló bá níbi tó yẹ kí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó padà síta, ó wòkè, ó rí agbọ̀n tó ń mì dirodiro àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó fara kọ́ fèrèsé. Ó wo wá. Gbogbo wa la wo bàtà.

"Láti àárọ̀?" ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Láti àárọ̀."

"Tówẹ̀lì yẹn wá ńkọ́?"

"Mò ń pè ẹ́ ni." Ó mú ọwọ́ ilẹ̀kùn jáde láti ẹ̀yìn, ó gbé e fún un.

Padàlọwò jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ní ó tán, a ò ní rí i níta mọ́. Ó ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́, ó ń yí i, kò wo ẹnì kankan.

"Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí," ó ní, "òun ló ṣẹlẹ̀ lónìí. Ilẹ̀kùn bàjẹ́. Mi ò sì sí nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ jẹun?"

"Mo jẹ búrẹ́dì. Ó wú ju ti àná lọ."

Padàlọwò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "lọ́ọ̀kù tí mo ṣe yẹn, ó mà tì o!"

Ẹ má rò pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ti tán. Ó ṣì ń yí padà ní ìkóríta, gìgísẹ̀ òsì ṣì ń jẹ, àmọ́ kì í yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọjà mi sì ti dín kù. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Wọn ò jẹ́ kó bá a wọlé. Ó bá dúró sí títì níwájú fèrèsé, ó fa tówẹ̀lì aláwọ̀ ìyeyè yọ, ó ń fì í. Àwa náà wà lẹ́yìn rẹ̀, oníbúrẹ́dì, káfíńtà, ìyàwó rẹ̀ àti èmi, nítorí ta ló fẹ́ ṣí ìsọ̀ láìrí tówẹ̀lì? Dókítà yọjú, ó bi wá bóyá à ń wá ẹnì kan. A ní rárá. Ìyá Agbẹ̀bí wà lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára wa.

Mo sún mọ́ Padàlọwò, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bùọ̀dá," mo ní, "ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀," ó ní, kò gbójú kúrò lára fèrèsé. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kò hàn lára tówẹ̀lì."